Bí Òmùgọ̀ Ṣe Lè Rí Ẹ̀yà Dánì Láì Dìde Lórí Àga

Ọ̀rẹ́ mi òmùgọ̀, o kú ìmúra. Wọ́n sọ fún mi pé o fẹ́ wá ẹ̀yà Dánì rí, ẹ̀yà Ísírẹ́lì tó ti sọnù láti nǹkan bí 2,700 ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ rere ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbìyànjú rẹ̀ títí ó fi sú wọn, nítorí wọ́n ní ìwà burúkú kan: wọ́n máa ń ka ìwé dé òpin. Ìwọ tó jẹ́ pé àkọlé lo máa ń kà, tí o sì ti mọ ìyókù lọ́kàn ara rẹ, ìwọ gan-an ni iṣẹ́ yìí ń dúró dè.

Ìwọ̀nba ìmọ̀ ni màá fún ọ, kí ẹrù má baà wúwo jù. Jákọ́bù bí ọmọkùnrin 12. Dánì wà lára wọn. Bílíhà, ìránṣẹ́bìnrin Rákélì, ló bí i. Ìran àwọn ọmọ wọ̀nyí ló di àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì. Nígbà tí Sólómọ́nì kú, ìjọba fọ́ sí méjì, ẹ̀yà mẹ́wàá sì wà ní ìhà àríwá. Àwọn ará Ásíríà dé. Wọ́n gba Gálílì ní nǹkan bí ọdún 732 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ṣẹ́gun Samáríà ní nǹkan bí ọdún 722, wọ́n sì kó ènìyàn lọ sí Hálà, sí etí odò Hábórì ní Gósánì àti sí àwọn ìlú ará Médíà. Bíbélì pa ẹnu mọ́ lórí wọn lẹ́yìn èyí. Láti ìgbà náà ni àwọn Júù ti ń sọ ọ́ láti ẹnu bàbá sí etí ọmọ pé àwọn ẹ̀yà mẹ́wàá náà kò parun, pé wọ́n wà níbìkan, wọ́n pọ̀, wọ́n ní ọba tiwọn, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí wọn yóò padà wálé.

Ságónì ọba Ásíríà kọ iye ènìyàn tó kó ní Samáríà sára ògiri ààfin rẹ̀: 27,290. Jọ̀wọ́, má wo ìyẹn. Bí o bá wò ó, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ẹ̀yà mẹ́wàá kò lè jẹ́ 27,290, pé ó ní láti jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn dúró sílé tàbí kí wọ́n sá lọ bá ẹbí wọn ní Júdà. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀yà sọnù dáadáa.

Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ ni etí. Ojú kò wúlò níbí. Èdè Hébérù àtijọ́ kì í kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀, nítorí náà lẹ́tà méjì péré ni orúkọ bàbá wọn lórí ìwé, D àti N. Ibikíbi tí o bá ti gbọ́ D àti N tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, àwọn ọmọ Dánì ló gba ibẹ̀ kọjá. Wo àwọn odò Yúróòpù: Danube, Don, Dnieper, Dniester. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń fi orúkọ sílẹ̀ létí omi bí ajá tó ń tọ̀ sára òpó. Wọ́n dé Denmark, wọ́n fún ibẹ̀ náà ní tirẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Ireland, níbi tí ìtàn àtijọ́ ti ń sọ nípa ìran abàmì kan tí wọ́n ń pè ní Tuatha Dé Danann. Danann! Kí lo tún ń wá?

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Wilson tẹ ìwé jáde ní ọdún 1840 láti fi sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìbátan wọn ní Yúróòpù ni Ísírẹ́lì tó sọnù. Edward Hine gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì to ẹ̀rí 47 kalẹ̀. Ẹ̀rí tó dára, ẹyọ kan péré ti tó. Ẹni tó bá ní 47 mọ ohun tó ń ṣe é. Àkókò náà ni ọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba ilẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn káàkiri ayé, ó sì máa ń tu ẹni tó ń gba ilẹ̀ lára bí wọ́n bá sọ fún un pé Ọlọ́run ló ti ṣèlérí ilẹ̀ náà fún un tipẹ́. Àwọn onímọ̀ èdè yóò wá bá ọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìráànì àtijọ́ kan tó ń jẹ́ “dānu” wà, pé odò ló túmọ̀ sí, pé odò lásán ni gbogbo àwọn odò náà ń jẹ́. Má dá wọn lóhùn. Inú ń bí wọn ni.

Bí o bá fẹ́ mọ bí etí ṣe lágbára tó, gbé e wá sílé. Ìdànrè ńkọ́? Usman Dan Fodio ńkọ́? Ẹni tó bá ní “ọmọ” ni Dan lédè Haúsá, bi í léèrè pé ṣé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kì í ṣe ọmọ ni? Dánfó tó ń já ọ sí Ọ̀jọ́ta láràárọ̀, ẹ̀yà Dánì ló ń wà á. Kí o wá di ara rẹ mú dáadáa, nítorí èyí tó ń bọ̀ yìí ti ju agbára òmùgọ̀ kékeré lọ. Nínú ìbùkún tí Jákọ́bù sọ nígbà tó fẹ́ kú, ejò ẹ̀bá ọ̀nà tó ń bu ẹṣin ṣán ní gìgísẹ̀ ló fi Dánì wé. Àwọn Fọ̀n ilẹ̀ Dàhómì àtijọ́ ní òrìṣà ejò, Dàn sì ni wọ́n ń pè é. Ejò níbí, ejò lọ́hùn-ún, orúkọ kan náà! Bí ọlọ́gbọ́n bá rí èyí, yóò ní ọ̀rọ̀ kan lè bá òmíràn dọ́gba láìjẹ́ pé wọ́n tan, pàápàá ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà-méjì. Ìwọ, dìde, kí o jó.

Má sì rò pé àwọn ará ibòmíràn nìkan ni etí wọn mú tó báyìí. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1921 pé àwọn baba wa máa ń ní Mẹ́kà ni Lámúrúdu, bàbá Odùduwà, ti jọba. Johnson kò gba ti Mẹ́kà náà, ó darí ojú tirẹ̀ sí ìhà Íjíbítì. Láàárín àwọn Ìgbò, àwọn kan ń ka ara wọn sí ìran Gádì, arákùnrin Dánì, Olaudah Equiano sì ti fi àṣà Ìgbò wé ti àwọn Júù nínú ìwé tó tẹ̀ ní ọdún 1789. Ó dà bíi pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí ó jẹ́ pé ibi tó wà yìí náà ni wọ́n ti bí bàbá ńlá òun.

Nípa ọkọ̀ ojú omi: orin Dèbórà bi Dánì léèrè ìdí tó fi jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń jagun. Gbólóhùn kan péré ni. Yigael Yadin, ọ̀gágun tó di awalẹ̀pìtàn, mú un, ó sì dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ Dánì jẹ́ àwọn Denyen, ọ̀kan lára àwọn ará òkun tí Ramesses Kẹta bá jà ní Íjíbítì. Òun fi “ó ṣeé ṣe” síbẹ̀. Ìwọ yọ ọ́ kúrò.

Irinṣẹ́ kejì ni ẹnu, Eldad sì ni ọ̀gá àwọn tó mọ̀ ọ́n lò. Ha-Dani ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ará Dánì. Ní nǹkan bí ọdún 880 ló yọ sí àwọn Júù ìlú Kairouan, tó wà ní Tùnísíà lónìí. Ó ní inú ẹ̀yà Dánì ni òun ti wá, pé àwọn àti Náfútálì, Gádì àti Áṣérì jọ wà lẹ́yìn àwọn odò Kúṣì, ní ìhà Etiópíà, níbi tí wúrà pọ̀ sí, pé àwọn ní ọba, àwọn sì ń fi ìgbà gba ìgbà lọ sógun. Ó ní Ásíríà kò tilẹ̀ bá àwọn nílé. Nígbà tí Jèróbóámù, ọba ìhà àríwá, ní kí àwọn wá bá Réhóbóámù ọmọ Sólómọ́nì jà, àwọn ọmọ Dánì kọ̀, wọ́n ní àwọn kò lè ta ẹ̀jẹ̀ arákùnrin sílẹ̀, wọ́n di ẹrù, wọ́n gba Íjíbítì, wọ́n tẹ̀ lé odò Náílì lọ sókè. Wo ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Ẹni tí ogun bá lé kúrò nílé, ojú ń tì í díẹ̀. Ẹni tó ti lọ kí ogun tó dé, tó tún jẹ́ pé ìfẹ́ arákùnrin ló mú un lọ, ta ni yóò bá a wí?

Wọ́n bi í bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó ní òun àti ọkùnrin kan láti ẹ̀yà Áṣérì wọ ọkọ̀, ọkọ̀ fọ́, àwọn rọ̀ mọ́ pákó títí omi fi gbé àwọn jù sọ́wọ́ àwọn tó ń jẹ ènìyàn. Ará Áṣérì sanra, wọ́n jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Eldad rù, ara rẹ̀ kò sì yá, ni wọ́n bá dè é mọ́lẹ̀, wọ́n ń bọ́ ọ kí ó lè sanra. Ó ń fi oúnjẹ náà pamọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn abọná kógun ja ìlú náà, wọ́n mú òun náà lẹ́rú, ọ̀nà jìn títí Júù kan láti ẹ̀yà Ísákárì fi fi owó wúrà 32 rà á. Kíyè sí i dáadáa, òmùgọ̀: ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó bá a rin ìrìn àjò náà ni wọ́n ti jẹ. Bí ìwọ náà bá fẹ́ rìn, mú ọ̀rẹ́ tó sanra dání.

Ó ní òun kò gbọ́ èdè mìíràn àfi Hébérù. Àwọn ará Kairouan kì í ṣe ọmọdé, wọ́n dán an wò. Wọ́n ń fi nǹkan hàn án, ó ń pe orúkọ rẹ̀ lédè Hébérù, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n tún béèrè àwọn nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bákan náà ló sì dáhùn. Nítorí náà, yálà òótọ́ ló ń sọ tàbí kí orí rẹ̀ pé. Ìwọ tí o máa ń gbàgbé irọ́ àná kó tó di ọ̀sán òní, fi èyí sílẹ̀ fún àwọn àgbà.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ Eldad ni ohun tó kó ìdààmú bá àwọn ará Kairouan. Àwọn tó jẹ ènìyàn kò dààmú wọn tó òfin ẹran. Eldad mú òfin dání nípa bí a ṣe ń dúńbú ẹran àti irú ẹran tó di èèwọ̀ nítorí àléébù ara, òfin náà kò sì bá èyí tí wọ́n mọ̀ dọ́gba. Ni wọ́n bá kọ̀wé sí Rábì Zemah, olórí ilé-ẹ̀kọ́ Sura ní Bábílónì, láti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Rábì Zemah fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀: ẹni tó bá pẹ́ ní àjò, ìyàtọ̀ lè wọ inú òfin rẹ̀, kí wọ́n má ka ọkùnrin náà sí ẹlẹ́tàn nítorí ìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn kò rọ̀ tó báyìí. Abraham ibn Ezra, tó wá ní nǹkan bí 250 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, kò gbà á gbọ́ rárá.

Ó ku odò. Gbogbo ẹ̀yà tó bá sọnù gbọ́dọ̀ ní odò tó dí i lọ́nà, ti ẹ̀yà mẹ́wàá sì ni Sambatyon, odò tó mọ ọjọ́ ìsinmi. Máàpù rẹ̀ ni kò rọrùn. Josephus, òpìtàn Júù tó bá àwọn ará Róòmù rìn, kọ ọ́ pé Títù ọ̀gágun rí odò náà ní ìhà Síríà, pé ọjọ́ mẹ́fà ló fi máa ń gbẹ, tí yóò sì ṣàn ní ọjọ́ keje. Pliny ará Róòmù, tí òun náà gbé ayé ní ìgbà yẹn, ní ilẹ̀ Jùdíà ló wà, ọjọ́ keje gan-an ló sì máa ń gbẹ. Odò kan náà, ẹnìkan ní ó ń ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi, ẹnìkejì ní ó ń sinmi. Àwọn rábì dúró ti Pliny, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé wọ́n kà á. Ó wà nínú Támúdì pé nígbà tí gómìnà Róòmù kan bi Rábì Akiva ohun tó fi ọjọ́ keje sàn ju ọjọ́ yòókù, odò yìí wà lára ohun tí Akiva fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹnu Eldad ló wá sọ odò di ohun tí kò ṣeé gbàgbé. Ó ní kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Òkúta àti yanrìn ló ń yí gbirigbiri níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, pẹ̀lú ariwo bí àrá, bí Ọjọ́ Ìsinmi bá sì wọlé, ó dákẹ́, iná sì yí i ká. Lódìkejì ni àwọn ọmọ Mósè ń gbé, níbi tí kò ti sí ẹranko aláìmọ́, tí ọmọ kì í sì í kú lójú bàbá rẹ̀. Wọ́n máa ń dúró létí bèbè kejì, wọ́n á máa ké sí àwọn ẹ̀yà mẹ́rin láti òkèèrè.

Ronú sí i díẹ̀, bí o bá lè ṣe é láìfarapa. Ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́ Ẹtì, òkúta yóò pa ẹni tó bá fẹ́ kọjá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òkúta dúró, ṣùgbọ́n Júù kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ tí odò ṣí ilẹ̀kùn, òfin tì í. Ọjọ́ tí òfin ṣí i, odò tì í. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú èyí, ẹni ńlá ni, nítorí ó fi ìtàn kan dáhùn ìbéèrè méjì: ìdí tí wọn kò fi tíì dé, àti ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ bínú sí wọn. Òfin ni wọ́n ń pa mọ́! Ìwọ tí kì í ṣe Júù, lọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ti iná yẹn, wá bàtà tó nípọn.

Bí ọ̀nà bá jìn, ra yanrìn rẹ̀. Menasseh ben Israel, rábì Amsterdam, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1650 pé bàbá òun sọ fún òun nípa ará Árábù kan ní Lisbon tó ní aago oníyanrìn tí yanrìn inú rẹ̀ wá láti Sambatyon. Ọjọ́ mẹ́fà ni yanrìn náà ń rọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì tí yanrìn bá fẹ́ dúró, ọkùnrin náà á rìn la òpópónà ọjà kọjá, á máa sọ fún àwọn Júù tó ń fi ara pamọ́ sábẹ́ orúkọ Kristẹni pé kí wọ́n ti ìsọ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ti Eldad lọ. Ní ìlú tí wọ́n ti ń dáná sun ènìyàn nítorí Ọjọ́ Ìsinmi, àlejò ló ń kéde rẹ̀ fún wọn ní gbangba.

Ní ọ̀rúndún kejìlá, Benjamin ará Tudela rin ìrìn àjò jìnnà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ní Dánì, Sébúlúnì, Áṣérì àti Náfútálì wà ní àwọn òkè Nishapur ní Páṣíà. Eldad ti fi wọ́n sí Kúṣì. Má jẹ́ kí ìyẹn dí ọ lọ́wọ́. Wọ́n ṣí lọ ni.

Irinṣẹ́ kẹta ni ẹṣin, kí ó jẹ́ funfun fún àǹfààní rẹ. Ní ọdún 1523 ni ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Dáfídì Reubeni gúnlẹ̀ sí Venice. Ó ní Jósẹ́fù ọba ni arákùnrin òun, pé ẹ̀yà Rúbẹ́nì, Gádì àti ààbọ̀ Mánásè ló ń ṣe ọba lé lórí ní aṣálẹ̀ Hábórì. Ó kúrò ní ẹ̀yà Dánì díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ní ọdún 1524, ó gun ẹṣin funfun wọ Róòmù, Póòpù Clement Keje sì gbà á lálejò. Kò béèrè owó. Ohun ìjà ló béèrè, kí àwọn ẹ̀yà òun lè bá Kristẹni gbógun ti àwọn Tọ́kì. Póòpù fún un ní lẹ́tà, lẹ́tà gbé e dé ọ̀dọ̀ ọba Pọtogí, John Kẹta, ní ọdún 1525, wọ́n sì gbà á bí ikọ̀ ọba.

Ẹ̀rín parí níbẹ̀. Ní Pọtogí, wọ́n ti fi ipá sọ gbogbo Júù di Kristẹni láti ọdún 1497. Àwọn wọ̀nyí rí Júù kan tó gbé orí sókè lórí ẹṣin níwájú ọba, ọkàn wọn sì fò. Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé ọba kan, Diogo Pires, kọ ara rẹ̀ nílà, ó yí orúkọ padà sí Solomon Molcho. Ọba fura, ó ní kí àlejò máa lọ. Ní ọdún 1532, Reubeni àti Molcho jọ lọ bá Charles Karùn-ún, olú-ọba Ilẹ̀ Ọba Róòmù Mímọ́, ó sì fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n. Wọ́n sun Molcho láàyè ní Mantua lọ́dún náà. Reubeni kú sí àtìmọ́lé ní Sípéènì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀yà tó sọnù ṣeré, ó yẹ kí ó wo àwọn tó wà lábẹ́ àga tó ń gbọ́ ọ.

Ṣọ́bìrì ló kàn. Láti ọdún 1899 títí di 1902, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà pé Ísírẹ́lì ni àwọn wú òkè Tara ní Ireland, níbi tí àwọn ọba Ireland ìgbàanì ti ń jókòó, wọ́n ń wá Àpótí Májẹ̀mú. Ilẹ̀ ọmọ Danann ni, àbí? Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà gbaná jẹ. Àwọn òǹkọ̀wé W. B. Yeats, Douglas Hyde àti George Moore kọ̀wé ìkìlọ̀ sí ìwé ìròyìn ní London. Maud Gonne, ajàfómìnira Ireland, lọ sórí òkè náà fúnra rẹ̀, ó sì dáná sí igi tí onílẹ̀ ti kó jọ de ayẹyẹ ìwúyè Ọba Edward Keje. Wọn kò rí àpótí. Wọ́n ba ibi àtijọ́ jẹ́, wọ́n sì padà sílé.

Bó bá jẹ́ pé ìwà pẹ̀lẹ́ lo ní, kọ lẹ́tà. Ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn rábì Safed kọ ọ̀kan sí àwọn ọmọ Mósè àti ẹ̀yà mẹ́wàá, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi oyè rábì àtọwọ́dọ́wọ́ ránṣẹ́, èyí tó ti já láàárín àwọn tipẹ́tipẹ́. Baruch ará Pinsk ló gbé e. Ó dé Yemen, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Àyẹ̀wò DNA tí gbogbo ayé ń ṣe lónìí láti mọ ìran wọn, ṣe é bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ. Kò sí ẹni tó ní egungun ọmọ Dánì kan tí wọn yóò fi tìrẹ wé, nítorí náà kò sí èsì tó lè já ọ kulẹ̀.

Wàyí o, ibí ni ìwé ìlànà yìí ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ẹjọ́ obìnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú láti Etiópíà dé iwájú Rábì David ibn Zimra ní Íjíbítì. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Júù ni. Rábì ní Júù ni, pé ẹ̀yà Dánì ni àwọn ènìyàn rẹ̀ tó wà ní Kúṣì. Níbo ni ọ̀rọ̀ Dánì ní Kúṣì ti jáde? Ìwọ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1973, Ovadia Yosef, olórí àwọn rábì Sefadi ní Ísírẹ́lì, dúró lórí ìdájọ́ yẹn, ó ní àwọn Beta Israel ti Etiópíà jẹ́ Júù, ìran Dánì. Ní ọdún 1975, ìjọba Ísírẹ́lì gbà kí òfin ìpadàbọ̀, èyí tó fún Júù ní ẹ̀tọ́ láti wá di ọmọ ilẹ̀ náà, kàn wọ́n. Àwọn fúnra wọn, ìtàn Mẹ́nẹ́líkì ọmọ Sólómọ́nì àti ọbabìnrin Ṣébà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbọ́ lẹ́nu baba wọn. Ti Dánì ti ìta wá. Àwọn òpìtàn kan sì ní Etiópíà gan-an ni wọ́n ti di ohun tí wọ́n dà.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀rọ̀ Eldad ti lọ fún bí 1,100 ọdún; kí òtítọ́ tó bá a, ó ti gba ìwé ìrìnnà. Ní ọdún 1984 àti 1985, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Beta Israel láti Súdáànì lọ sí Ísírẹ́lì, lẹ́yìn tí nǹkan bí 4,000 ti kú lójú ọ̀nà àti nínú àgọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1991, wọ́n kó ohun tó lé ní 14,000 kúrò ní Addis Ababa láàárín wákàtí 36. Ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo gbé ènìyàn tó ju 1,000 lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé, àwọn rábì kan ní kí wọ́n wẹ ìwẹ̀ ìyípadà kí ọ̀rọ̀ wọn lè dá àwọn lójú. Ẹni tó rin aṣálẹ̀ já, wọ́n ń bi í léèrè bóyá òun ni. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, òmùgọ̀, jókòó jẹ́ẹ́ rẹ.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Má ṣe ṣí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 18. Ìrìn àjò Dánì kan ṣoṣo tí Bíbélì ròyìn rẹ̀ dé òpin ló wà níbẹ̀, yóò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n pín fún Dánì ní ìhà Sórà àti Éṣítáólì, níbi tí wọ́n ti bí Sámúsìnì, kò gbà wọ́n. Wọ́n rán amí márùn-ún. Àwọn amí rí ìlú kan ní àríwá, Láíṣì, tí àwọn ará rẹ̀ ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, tí wọn kò sì ní ẹni tó lè sáré gbà wọ́n. Ni 600 ọkùnrin bá dìhámọ́ra. Lójú ọ̀nà, wọ́n ya ilé Míkà, wọ́n kó òrìṣà rẹ̀, wọ́n bi àlùfáà rẹ̀ bóyá kò sàn kí ó ṣe àlùfáà ẹ̀yà kan ju ti ilé ẹnìkan lọ, inú àlùfáà sì dùn. Míkà sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń ké. Wọ́n ní kí ó pa ẹnu mọ́, kí oníbìínú má baà pa á. Ó padà sílé. Wọ́n dé Láíṣì, wọ́n fi idà pa àwọn ènìyàn náà, wọ́n sun ìlú, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dánì. Àwọn tí Eldad ní wọn kò lè ta ẹ̀jẹ̀ nìyí.

Ìlú náà kò sọnù. Tel Dan ni wọ́n ń pè é, ní àríwá Ísírẹ́lì, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn orísun odò Jọ́dánì ti ń sun. Avraham Biran bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní ọdún 1966. Orúkọ Láíṣì wà nínú wàláà alámọ̀ ìlú Mari, tó ti pẹ́ ju Bíbélì lọ. Ẹnu ibodè tí àwọn ará ibẹ̀ fi bíríkì alámọ̀ mọ ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù ṣì dúró; wọ́n ti mọ ọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ọmọ Dánì kankan tó dé. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà, mi ò tíì rí ẹnì kan ṣoṣo tó ní ọmọ Láíṣì ni òun. Kò sí rábì tó kọ lẹ́tà sí wọn, kò sí ẹni tó gun ẹṣin funfun wọ Róòmù lórúkọ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn tó sọnù lo fẹ́ wá lóòótọ́, ọgbà ìjọba ni ibẹ̀ lónìí, ó wà lórí máàpù, wọ́n sì ń gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà.